Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Darwin àti Atẹ̀wé Rẹ̀

Òkè-Bọ́là, Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Màmá rẹ ló pè mí lórí fóònù pé o ti parí ìwé tí ò ń kọ lórí àwọn kòkòrò tó ń bà lé òdòdó kòkó àti ti ẹ̀gúsí, inú mi sì dùn débi pé mo ní kí wọ́n tún un sọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí lẹ́tà tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé fi wọlé sórí WhatsApp mi, pé kí n bá ọ wò ó. Mo ti wò ó. Èdè rẹ̀ dán, n kò rí àṣìṣe kan tí mo lè fà yọ. Ṣùgbọ́n ká ní mo ṣì wà lórí àga tí mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìwé títẹ̀, n kò ní kà á kọjá ìpínrọ̀ kejì.

Má bínú sí mi. Ìyìn ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. O ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí rí. O ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni yóò máa rà á. O ní yóò yí ojú tí ìjọba fi ń wo iṣẹ́ àgbẹ̀ padà. Orí mélòó ni ìwé ọ̀hún ní? O kò sọ. Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tán, àbí ó ku díẹ̀? O kò sọ. Ẹni tó wà nílé ìtẹ̀wé kò nílò kí o máa bá a yọ̀ ṣáájú. Ó ń fẹ́ mọ ohun tí o gbé wá.

Kàkà kí n máa fi bírò pupa lé gbólóhùn rẹ kiri, jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn lẹ́tà kan fún ọ. Ọdọọdún lò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní ọ̀rọ̀ Charles Darwin, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní bí ìwé On the Origin of Species ṣe dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Lẹ́tà àfọwọ́kọ ló gbé e débẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà kò gùn, wọn kò sì ní ẹwà kan lọ títí. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò nínú wọn ni bí ọkùnrin náà ṣe ń dá ọjà lé: ohun tó fi sílẹ̀ wẹ́rẹ́, àti ohun tó dì mú.

Ọdún 1859 ni. Darwin ti pé 50 ọdún ní oṣù kejì. Down House ló ń gbé, ní abúlé Downe ní Kent, òun àti Emma ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Kì í sábà jáde, nítorí inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn, èébì a sì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èrò nípa bí irú ẹranko àti irú ewéko ṣe ń yí padà ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ìwé ńlá kan ló ń kọ lé e lórí, bí ó sì ṣe ń kọ ọ́ ló ń gùn sí i. Àfi gbàà tí lẹ́tà kan dé ní oṣù kẹfà ọdún 1858 láti erékùṣù Ternate, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonesia lónìí. Alfred Russel Wallace ló kọ ọ́, èrò tó sì wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti Darwin rárá. Ojúlówó lẹ́tà Wallace yẹn ti sọnù, a kò rí i mọ́ dòní. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Ọ̀rẹ́ Darwin méjì, Charles Lyell àti Joseph Hooker, ló bá wọn yanjú rẹ̀: wọ́n kó ti Wallace àti ti Darwin pọ̀, wọ́n sì ní kí a kà á létí ìgbìmọ̀ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù keje. Darwin kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ibà scarlet pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù, Charles Waring, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Lẹ́yìn ìgbà náà ló pa ìwé ńlá yẹn tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkékúrú rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 1859 fi máa parí, ìkékúrú náà ti fẹ́ tán, ó wá ku ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí o má baà rò pé mò ń fi ọ́ wé ẹni tí ipò yín kò dọ́gba. Darwin ní owó. Kì í ṣe èrè ìwé ni yóò fi jẹun. Ó sì ní ẹni tó lè bá a dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé: Lyell ti lọ bá John Murray sọ̀rọ̀ kí Darwin fúnra rẹ̀ tó mú kálàmù. Murray yìí ni ẹni kẹta tó ń jẹ́ orúkọ náà nídìí òwò ìdílé wọn, ní ilé nọ́ńbà 50 ní òpópónà Albemarle, Lọ́ńdọ̀nù. Ìdáná ilé yẹn náà ni wọ́n ti sun ìwé tí akéwì Byron kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1824, nígbà tí bàbá Murray yìí ṣì wà láyé. Ilé Murray kì í ṣe àjèjì sí Darwin: àwọn ló tẹ ẹ̀dà kejì ìwé ìrìn àjò rẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi Beagle ní 1845, wọ́n sì fi pọ́n-ùn 150 ra ẹ̀tọ́ orí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí Murray mọ̀, tó sì ti bá ra ọjà rí, ló ń bọ̀ yìí.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba Darwin. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ó kọ̀wé sí Lyell, ó bi í ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ṣé kí òun sọ fún Murray pé ìwé náà kò tako ẹ̀sìn ju bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe sọ ọ́ di dandan lọ? Pé òun kò fọwọ́ kan ibi tí ènìyàn ti wá? Pé òun kò bá ìwé Jẹ́nẹ́sísì jà? Àbí kí òun dákẹ́, kí òun gbà pé atẹ̀wé tó ń tẹ ìwé lórí àpáta àti ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé kò lè sọ pé èyí ṣe àjèjì sí òun? Ó dákẹ́ ni o. Nígbà tó kọ̀wé sí Murray lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn. Àwọn kan yóò ní ọgbọ́n ni, àwọn mìíràn yóò ní ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Èmi kò bá wọn jà sí i. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé orí ìwé náà lé ọ lọ́wọ́ kí o kà á kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ.

Wàyí o, lẹ́tà ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ìkíni gígùn. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ lẹ́nu Lyell pé Murray ń ronú láti tẹ iṣẹ́ òun, ó sì ti gbọ́ pé yóò fẹ́ rí ìwé àfọwọ́kọ kó tó sọ iye tí yóò san. Ó fi àkọlé àwọn orí sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ iye orí tí wọ́n ti dà kọ ní mímọ́, ó sì sọ pé àwọn tó kù ṣì wà ní ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Níbi yìí ló ti sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: ó ní bí ènìyàn kò bá mọ bí òun ṣe ń kọ ọwọ́, tí kò sì mọ bí òun ṣe máa ń to ìwé òun gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò lè kà á, àfi tí wọ́n bá dà á kọ. Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ Darwin burú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan lábúlé Downe, Ebenezer Norman, ni wọ́n ń sanwó fún kó máa dà á kọ fún un. Lẹ́tà tó kọ sí Murray gan-an, ọwọ́ yẹn ló fi kọ ọ́, nítorí náà atẹ̀wé rí ẹ̀rí lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn.

Ó tẹ̀ síwájú. Ó ní iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún ni, ṣùgbọ́n èyí tí òun gbé wá jẹ́ ìkékúrú èyí tó tóbi jù ú lọ, kò sì sí ìtọ́ka sí ìwé àwọn ẹlòmíràn lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ le. Ó wá sọ àwọn tó rò pé yóò kà á: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti àwọn tí wọn kì í ṣe onímọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà máa ń wù, nítorí pé ó kan iṣẹ́ oko, ó kan ìtàn àwọn ẹran ọ̀sìn, ó kan ẹranko, ewéko àti ilẹ̀. Ó ní ẹnu ya òun láti rí bí àwọn àlejò àti ojúlùmọ̀ ṣe ń fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wá ní òun ti ṣe ìwọ̀n tí agbára òun gbé, bóyá yóò tà, òun kò lè sọ.

Fi ìyẹn wé tìrẹ, Àjọkẹ́. Kò ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe níbi tí wọ́n bá ti ń wá ìyìn. Ó mọ̀ pé ìwé òun níye lórí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti yìn ín, ìdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó sì ti ní àbùkù, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ta iṣu, tó bá yí ibi tó ti ń jẹrà sí ọ lójú kí o tó béèrè, o kò tún ní máa fi èékánná gún èyí tó kù.

Ọjọ́ kejì gan-an ni Murray dáhùn, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Kò tíì rí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́, òun yóò sì fún Darwin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀. Ìwọ tí o ti ń dúró de ìdáhùn ímeèlì láti ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé kan láti ìgbà òjò, má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu Lyell àti bí ìwé ìrìn àjò yẹn ṣe tà ló jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí ni lẹ́tà tí Darwin fi dá a lóhùn ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Wò ó, wọ́n ti fún un ní ohun tó ń wá, pẹ̀lú ìpín tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé nígbà náà kò lálàá rẹ̀. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó wá fi kún un, ní èdè tí kò ní ẹsẹ̀ méjì, pé nítorí Murray fúnra rẹ̀, bó bá wo apá kan ìwé náà tó sì rí i pé kò ní tà, òun ti tú u sílẹ̀ pátápátá kúrò nínú ohun tó ṣèlérí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí Murray má tíì kéde ìwé náà kó tó ka ìwé àfọwọ́kọ, nítorí bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ tán kí wọ́n tó fà sẹ́yìn, àbàwọ́n ni yóò jẹ́ fún iṣẹ́ òun.

Mo ti ka lẹ́tà tí àwọn òǹkọ̀wé kọ, mo ti ka ti àwọn tó ń halẹ̀ àti ti àwọn tó ń sunkún, n kò rí èyí tó gbé atẹ̀wé síta báyìí rí lẹ́yìn tí atẹ̀wé ti wọlé tán. Má sì jẹ́ kó tàn ọ́ jẹ pé inú rere nìkan ni. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Atẹ̀wé tí ó bá kà á tí ó sì dúró, òun fúnra rẹ̀ ló dúró, kì í ṣe nítorí Lyell. Kò ní lè sọ lọ́la pé wọ́n fi ọ̀rẹ́ mú òun. Wo ìkéde yẹn náà dáadáa: ó fi owó sílẹ̀ fún Murray, kò fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ó fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ìgbà náà ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ti kó orí kan lórí bí ẹranko àti ewéko ṣe tàn ká ayé fún Hooker kó bá òun kà á. Nílé Hooker, ìwé náà ṣèèṣì bọ́ sínú àpótí tábìlì tí àwọn ọmọ ti máa ń mú ìwé tí wọ́n fi ń yàwòrán. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, nǹkan bí ìdámẹ́rin rẹ̀ ti lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó jẹ́ pé èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kí wọ́n tó dà á kọ ṣì wà nílé. (Àwọn ọmọ Darwin kò sàn ju ti Hooker lọ. Nínú àwọn ojú ìwé àfọwọ́kọ Origin díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé lónìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwòrán tí àwọn ọmọ rẹ̀ yà sí ẹ̀yìn wọn ni wọn kò fi dà wọ́n nù. Ìwọ lọ fi tìrẹ sórí Google Drive lónìí kí o tó sùn.)

Ní ilé Murray, wọ́n ń ka orí mẹ́ta náà lọ́wọ́. Murray fúnra rẹ̀ kò gba èrò inú rẹ̀ gbọ́. Ó ní ó dà bí kí ènìyàn máa retí ọmọ láti inú ìgbéyàwó ehoro àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ko iná. Ó fún Whitwell Elwin ní ìwé náà, àlùfáà tó tún jẹ́ olótùú ìwé ìròyìn Quarterly Review tí ilé Murray ń tẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, Elwin dá a padà pẹ̀lú ìmọ̀ràn: kí Darwin fi ọ̀rọ̀ ńlá yẹn sílẹ̀ ná, kó kọ ìwé lórí ẹyẹlé. Orí kìíní ìwé náà sọ̀rọ̀ gidi nípa ẹyẹlé, nítorí Darwin ń sìn wọ́n. Elwin ní kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹyẹlé, irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wà lórí tábìlì gbogbo ilé kíákíá.

Àwọn ènìyàn máa ń fi Elwin ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í bá wọn ṣe é, nítorí mo ti ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe yẹn. Ó ka orí mẹ́ta, ó rí i pé ẹ̀rí kò tíì pé nínú wọn, ó sì wá ibi tí ọjà wà. Ohun tí wọ́n sanwó fún un láti ṣe nìyẹn. Ní ti lọ́yà tí Murray tún fi ìwé hàn, George Pollock, òun ní kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan dípò 500 tí Murray ní lọ́kàn, nítorí Darwin kò sá fún àwọn ìṣòro tí òun fúnra rẹ̀ gbé dí ọ̀nà ara rẹ̀, ó sì fo gbogbo wọn kọjá.

Darwin dáhùn ọ̀rọ̀ Elwin ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún. Kò bínú, kò sì jiyàn lọ jìnnà. Ó ní ìmọ̀ràn náà kò ṣeé tẹ̀ lé, ó sì gbà pé àwọn ibì kan nínú ìwé òun gbọ́dọ̀ gbẹ. Ó tán. Fi èyí sọ́kàn fún ọjọ́ tí ẹnì kan yóò ní kí o yọ gbogbo kòkòrò kúrò, kí o fi oyin nìkan sílẹ̀ nítorí pé oyin ló ń tà.

Ṣùgbọ́n wo àkọlé. Ohun tí Darwin fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ pé ìkékúrú ni ìwé náà wà ní iwájú rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń dá a láre fún gbogbo ohun tí kò sí nínú ìwé. Murray kọ̀. Ta ni yóò san ṣílè 15 lórí ìkékúrú? Darwin ráhùn díẹ̀, ó sì yọ ọ́. Ó gbà lórí àkọlé, ó gbà lórí iye owó, ó gbà lórí iye ẹ̀dà. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Nígbà tí púrúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ojú tì í. Ó ní èdè òun burú ju bí òun ṣe rò lọ, ó sì fi yíǹkì dúdú bo ojú ìwé débi pé ní oṣù kẹfà ó kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Murray, ó ní kí wọ́n yọ lára owó òun fún àtúnṣe náà. Owó àtúnṣe nìkan lé ní pọ́n-ùn 72. Àwọn òǹkọ̀wé òde òní kì í ronú kan ẹni tó ń to lẹ́tà. Béèrè kí o tó fọwọ́ síwèé àdéhùn: bí o bá tún ojú ìwé ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó, ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ló parí púrúùfù, ara rẹ̀ ti bàjẹ́ kanlẹ̀, ó sì lọ sí Ilkley ní Yorkshire níbi tí wọ́n ti ń fi omi tútù wo aláìsàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà kan ìwé náà bá a, tí wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé di èèpo rẹ̀. Lẹ́tà tó kọ sí Murray láti ibẹ̀ kúrú: ó pe ìwé náà ní ọmọ òun, ó sì ní inú òun dùn, orí òun sì wú sí bí ọmọ náà ṣe rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, àwọn olùtajà ìwé pé jọ síbi ọjà tí Murray máa ń pè lọ́dọọdún. Ẹ̀dà 1,250 ló tẹ̀. Wọ́n béèrè fún 1,500. Ilé Mudie, tó ń fi ìwé yáni kà, ló mú 500 nínú rẹ̀. Ọjọ́ 24 ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìjáde. Kíákíá ni Murray ti kọ̀wé sí Ilkley pé kó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ẹ̀dà kejì, 3,000 ni wọ́n sì tẹ̀ nínú ìyẹn ní oṣù kìíní ọdún 1860. Owó tó kan Darwin lórí ẹ̀dà kìíní jẹ́ pọ́n-ùn 180.

Murray kò yí padà o. Ní 1877 ó fi orúkọ mìíràn bojú, ó pe ara rẹ̀ ní Verifier, ó sì tẹ ìwé kan jáde tó fi ṣe iyèméjì sí ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ń sọ. Síbẹ̀ òun náà ló ń tẹ ìwé Darwin lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn: òdòdó orchid ní 1862, The Descent of Man ní 1871, títí kan ìwé lórí ekòló ní 1881, oṣù díẹ̀ kí Darwin tó kú. Mo máa ń rò ó pé Murray ló gbọ́n jù nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Darwin náà kò yí padà. Nígbà tó rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1867 bí ìwé rẹ̀ lórí ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn ṣe tóbi tó, ó tún kọ̀wé sí Murray, ó ní ó dun òun, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má pa owó rẹ̀, bí Murray bá sì fẹ́ jáwọ́, òun kò ní dá a dúró. Murray tẹ 1,500. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo rẹ̀ fi tà tán.

Bí o bá ráyè lọ sí Edinburgh nígbà ìpàdé tí wọ́n pè ọ́ sí, gba ọ̀nà National Library of Scotland. Ibẹ̀ ni ìwé ilé Murray wà báyìí, ó lé ní mílíọ̀nù 31 pọ́n-ùn tí wọ́n fi rà á, lẹ́tà Darwin sì wà nínú rẹ̀. Yunifásítì Cambridge náà ti kó nǹkan bí 15,000 lẹ́tà tó kọ àti èyí tí wọ́n kọ sí i jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sí ìdìpọ̀ 30. Láti 1974 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á tó fi pẹ́ ni pé Darwin a máa kọ ọjọ́ àti oṣù sórí lẹ́tà, kò sì ní kọ ọdún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ni yóò wá máa fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá a. Lẹ́tà tìrẹ kò ní déètì rárá, mo rí i.

Ó yá, jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀. Yọ ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrò. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti sọ pé oko kòkó ní agbègbè Oǹdó ni o ti ṣiṣẹ́. Kọ iye orí àti àkọlé wọn. Kọ iye tó ti parí àti ọjọ́ tí o lè fi èyí tó kù sílẹ̀, ọjọ́ tó ṣeé ṣe ni o. Sọ pé àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán aláwọ̀ sì wọ́n láti tẹ̀. Wọn yóò rí i bí o kò bá tiẹ̀ sọ, ó sàn kó jẹ́ ẹnu rẹ ni wọ́n ti gbọ́. Àwọn wo ni yóò rà á? Àwọn oníṣẹ́ tó ń lọ kọ́ àgbẹ̀ lóko wà níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé wọ́n ń da ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ kọ láìgba àṣẹ. Kí ló dé tí ìyẹn kò sí nínú lẹ́tà? Ó níyì ju gbogbo ìyìn tí o kọ lọ. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ olótùú náà, jẹ́ kó bá ọ sọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀, Darwin náà ṣe é. Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ mi sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọ̀ mí, àwọn díẹ̀ tó sì mọ̀ mí kò fẹ́ràn bírò pupa mi.

Fi èyí tuntun ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìnáwó ní Sátidé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò sì dára.

Èmi ni àbúrò màmá rẹ,
Bọ̀dá Ìbàdàn.